“Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Commandant nínú ilé yìí!” – Bí oyè inú ọkọ̀ ojú omi ṣe di àríyànjiyàn ní Bouaké, ìlú tí kò ní òkun

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ọjọ́ keje oṣù Kejì, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ orúkọ ìlú Bouaké rí ni orúkọ náà wọ̀ létí. Pápá ìṣeré Stade de la Paix tó wà níbẹ̀ ni Super Eagles ti pàdé South Africa nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ta ọ̀mì, ayò kan sí ẹyọ kan, kí Stanley Nwabali tó mú bọ́ọ̀lù méjì nígbà tí wọ́n ń gbá pẹnáritì, tí Nàìjíríà sì fi ayò mẹ́rin borí méjì. Èmi náà wà níbẹ̀, ohùn mi sì há títí di ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nínú ilé bàbá kan ọmọ Èjìgbò tó gbà mí lálejò.

Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní í béèrè ohun tí ọmọ ibẹ̀ ń wá ní Ivory Coast. Láti ayé àwọn baba wọn ni wọ́n ti ń rin ọ̀nà náà. Ẹ lè wọ Èjìgbò lónìí kí ẹ bá ọmọ tó gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ọkọ̀ èrò sì wà tó ń gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Abidjan. Anango ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá lọ́hùn-ún. Bàbá tí mò ń sọ yìí ń ta páàtì mọ́tò, ó ti pẹ́ ní Bouaké tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bi léèrè bí àdúgbò ṣe rí kí ilé tó wà níbẹ̀. Àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ni ìlú yìí wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun yóò rin ìrìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti àádọ́ta kìlómítà dé Abidjan.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a jókòó sí lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti bàbá, tí a ń fi ẹnu tún bọ́ọ̀lù àná gbá. Àbígbẹ̀yìn bàbá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ọmọ Baoulé méjì àti ọmọ Dioula kan, wà ní ìkángun kejì. Wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ ayò lúdò méjì sì wà láàrin wọn tí wọ́n ń dà lóòrèkóòrè. Faransé ni wọ́n ń sọ. Lójijì ni ọ̀kan nínú wọn fò dìde tó kígbe pé: “Commandant! Ọkọ̀ méjì ń bọ̀ lápá òsì, wọn kò sì dá wa lóhùn!”

Bàbá tó ń bá mi rẹ́rìn-ín gbé ife omi sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. “Ta lẹ pè ní commandant? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ commandant nínú ilé yìí! Ẹ kó nǹkan yẹn kúrò níwájú mi.”

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Èmi tí mo jẹ́ àlejò kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Ìgbà tó yá ni mo rántí ìlú tí mo wà.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ni àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ sí ìjọba Ivory Coast. Wọn kò rí Abidjan gbà, ṣùgbọ́n Bouaké bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ṣe olú ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orílẹ̀-èdè náà fi pín sí méjì. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ pín apá àríwá sí agbègbè mẹ́wàá, wọ́n fi olórí kọ̀ọ̀kan jẹ lórí wọn. Commandant de zone ni wọ́n pe oyè náà, ṣùgbọ́n com-zone ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ ẹ́ kò ju sájẹ́ńtì lọ lánàá òde yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣá, sájẹ́ńtì di ẹni tí ń gba owó orí, tí ń dá ẹjọ́, tí ń pàṣẹ ẹrù tí yóò kọjá àti èyí tí kò ní í kọjá. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ilẹ̀ náà pọ̀ padà, síbẹ̀ ó di ẹ̀yìn ogun ọdún 2011 kí agbára àwọn com-zone tó relẹ̀. Nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2017, Bouaké yìí náà ni àwọn ọmọ ogun ti kọ́kọ́ yìnbọn sókè nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn. Ọlọ́jà tí ń kó páàtì mọ́tò gba àárín gbogbo èyí kọjá, ẹ̀yin náà ẹ wo iye ìgbà tí yóò ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò tó àbúrò rẹ̀, kí ó sì pè é ní commandant.

Ọmọ náà mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe com-zone. Commandant inú ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ òfuurufú ni.”

Bàbá ní: “Ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́, òun kọ́ ló wá ju bọ́ǹbù sílé ẹ̀kọ́ níbí?” Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ọkọ̀ òfuurufú ogun méjì ti ìjọba ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn ọmọ ogun Faransé tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Lycée Descartes ní Bouaké. Ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án ló kú, àti ọmọ Amẹ́ríkà kan.

Èmi ni mo wá bẹ bàbá pé kí ó jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ. Ó gbà nítorí àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Àlọ́ ni, ṣùgbọ́n àlọ́ tí gbogbo ẹni tó jókòó jọ ń pa á ni. Ẹnì kan ni apàlọ́. Òun ni yóò sọ pé: ọkọ̀ yín dé etí ayé kan báyìí, iná àìmọ̀ kan ń tàn nísàlẹ̀, kí ni ẹ ó ṣe? Olúkúlùkù àwọn yòókù ti mú ẹ̀dá inú àlọ́ kan: ẹnì kan ni olórí, ẹnì kan ń tọ́ ọkọ̀, ẹnì kan ń wo ẹ̀rọ. Olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe, wọ́n ó da ọmọ ayò, iye tí ó bá já ni yóò sọ bóyá ó rí i ṣe tàbí kò rí i ṣe. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí àlọ́ náà yóò parí sí, àti apàlọ́ pàápàá. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló tẹ àkọ́kọ́ irú eré yìí jáde ní ọdún 1974. Ní ọdún 1977 ni Marc Miller ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Traveller, tí ó jẹ́ ti ojú òfuurufú. Ẹ̀dà Traveller yìí ló wà lórí tábìlì ní Bouaké, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ọmọ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé bí wọ́n ṣe ń ta á lọ.

Ohun tí ó mú mi fà mọ́ ìwé náà ni pé kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ eré, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ọmọ ayò lórí ìgbésí ayé tí ẹ̀dá rẹ̀ ti gbé kọjá. Bí ó bá ti wọ iṣẹ́ ológun orí omi, yóò máa gòkè láti oyè dé oyè, láti orí ẹni tí ń gbé àsíá dé orí ọ̀gá pátápátá. Bí ọmọ ayò bá sì kọ̀ ọ́, ó lè kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ sọ fún mi pé ọmọ Dioula yẹn ti kú lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ náà kí ó tó rí ẹ̀dá kan tó yè é mú.

Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tí bàbá náà ti fẹ́ bèèrè: ọkọ̀ tó wà lójú òfuurufú, kí ló ṣe tí oyè inú rẹ̀ fi jẹ́ ti ojú omi? Kí ló dé tí wọn kò lo oyè àwọn tí ń fi bàálù jagun?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọmọdé lásán, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìjọba Amẹ́ríkà gan-an ti jiyàn lé e. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú tuntun wọn, Space Force, sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, kò tíì yé ẹnikẹ́ni irú oyè tí wọn yóò máa jẹ. Ní ọdún 2020, aṣòfin kan tó ti jẹ́ ọmọ ogun ojú omi rí, Dan Crenshaw, mú àbá wá pé oyè ti orí omi ni kí wọ́n lò. William Shatner, òṣèré tó ṣe Kápítéènì Kirk nínú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966, kọ̀wé sínú ìròyìn láti ti àbá náà lẹ́yìn. Ó ní kápítéènì ni ayé mọ̀ pé ó ń darí ọkọ̀ ojú òfuurufú, kì í ṣe kọ́nẹ́ẹ̀lì. Àbá náà kò wọlé. Nígbà tí ọdún 2021 fi bẹ̀rẹ̀, oyè bíi ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun bàálù ni wọ́n fún àwọn ọ̀gá ibẹ̀.

Lójú tèmi, òṣèré yẹn jàre. Ẹni tí ń wa bàálù ogun gbéra láàárọ̀, ó sì ń padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè lo oṣù mẹ́fà lójú agbami. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń sè níbẹ̀, wọ́n ń ṣàìsàn níbẹ̀, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti parí rẹ̀. Ìlú kékeré kan ni. Nítorí náà ni ọkọ̀ ṣe nílò ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ gé, àti ẹni tí yóò dípò rẹ̀ bí ó bá ṣubú. Ọkọ̀ tí ń lọ sí inú àwọn ìràwọ̀ yóò pẹ́ lọ́nà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì wo orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó ń lọ: astronaut. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni atukọ̀ ojú ìràwọ̀. Bill Shepherd, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó jẹ́ olórí àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ gbé inú ibùdó òfuurufú ńlá tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ kọ́, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2000, gbé agogo ọkọ̀ kọ́ síbẹ̀. Agogo yìí ni wọ́n ń lù bí àlejò bá dé tàbí bí ipò olórí bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lójú òkun.

Ìjọba Soviet kò tilẹ̀ dúró kí ẹni wọn ó gúnlẹ̀. Yuri Gagarin gòkè ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin ọdún 1961 ní àgbà lẹ́fútẹ́náǹtì. Òkè lọ́hùn-ún ló wà tí wọ́n fi sọ ọ́ di méjọ̀.

Wàhálà àwọn ọmọ Bouaké wá jẹ́ ti èdè méjì. Ìwé ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu wọn ń sọ Faransé, oyè inú méjèèjì kò sì bára mu. Kápítéènì ológun orí ilẹ̀ kéré, ó kàn ga ju lẹ́fútẹ́náǹtì lọ ni. Ṣùgbọ́n kápítéènì ológun ojú omi Nàìjíríà dọ́gba pẹ̀lú kọ́nẹ́ẹ̀lì orí ilẹ̀, ìpele mẹ́ta ló sì fi ga ju lẹ́fútẹ́náǹtì inú ọkọ̀ lọ. Àwa oníwèé ìròyìn pàápàá kò mọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ń pe ẹni gbogbo tó bá wọṣọ funfun ní Ọ̀gágun, a sì ń lọ. Ti Faransé tún lọ́jú jù. Oríṣi capitaine mẹ́ta ni wọ́n ní lójú omi, ti vaisseau, ti frégate, ti corvette, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ń pè ní capitaine lójúkojú. Commandant ni wọ́n ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́fútẹ́náǹtì inú ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní capitaine. Ìdí rèé tí ọmọ yẹn fi kígbe commandant tí àyà bàbá fi já.

Kò mọ síbẹ̀. Ibi tí olórí ọkọ̀ ń dúró sí láti darí ọkọ̀, afárá ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, nítorí pé láyé ọkọ̀ ojú omi onísítíìmù àtijọ́, pákó tó dà bí afárá ni wọ́n tẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì kí ọ̀gá lè rìn lórí rẹ̀. Afárá ni Faransé náà ń pè ní pont, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ni pont. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí bí ó ṣe rí, ó sì jẹ́ kí àwọn olè wọ inú yàrá ìdarí níbi tí ó rò pé ilẹ̀ ìta ni wọ́n dúró sí. Ẹ̀dá ènìyàn méjì ló bá a lọ. Wọ́n ṣì ń bínú sí i nígbà tí mo ń gbọ́ ìtàn náà.

Bàbá tó ti dákẹ́ látìgbà náà wá bi mí pé: “Àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ṣé Yorùbá kò ní orúkọ fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo fi ogún ọdún tún Yorùbá ẹlòmíràn ṣe nínú ìwé ìròyìn, n kò lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ Baoulé kan, mo fa ìlà sí i.

Olórí ni mo kọ́kọ́ ro. A ní ọlọ́kọ̀, a ní awakọ̀, a ní atukọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ni ẹni tó fowó rà á, ó lè má wọ inú rẹ̀ rí. Awakọ̀ àti atukọ̀ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Kápítéènì kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí orí ni wọ́n ti yọ ọ́, olórí ọkọ̀ sì ni gan-an. Lẹ́yìn náà ni lẹ́fútẹ́náǹtì. Faransé ni ọ̀rọ̀ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ń di ipò ẹlòmíràn mú. Bàbá kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní: “Adelé nìyẹn!” Adelé ni lóòótọ́. Bí ọba bá wàjà tàbí tí ó rìnrìn àjò, ta ní ń jókòó sílé? Ìgbà tí olórí ọkọ̀ bá ń sùn, ẹni tí ìṣọ́ bá kàn ni adelé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìṣọ́ sì ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, nítorí wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń pín ọjọ́ sí nínú ọkọ̀, àfi ti ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gé sí wákàtí méjì méjì kí ó lè jẹ́ méje lápapọ̀, kí ẹni kan náà má baà máa ṣọ́ òru lójoojúmọ́.

Ẹni tí ń tọ́jú owó àti oúnjẹ ọkọ̀, láti ara àpò ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ rẹ̀. Àwa náà ti ń pè é ní akápò tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ń di ìtọ́kọ̀ mú yóò máa jẹ́ atọ́kọ̀, bí a ti ní atọ́kùn eégún. Yàrá kékeré onílẹ̀kùn méjì tí ènìyàn ń gbà jáde sínú òfuurufú, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tú dànù, mo ní ìloro ni. Bàbá ní agbolé bàbá òun ní ìloro, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ni wọ́n ń lé jáde níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni apá ọ̀tún àti apá òsì. Lójú omi, wọn kì í sọ pé ọ̀tún mi tàbí òsì rẹ, torí bí ènìyàn bá yí ojú padà, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì. Ọkọ̀ ni wọ́n fún ní ẹ̀gbẹ́, kò sì yí padà. Láyé àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ òsì sì ni wọ́n ń fà mọ́ èbúté láti kó ẹrù. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì jọra létí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yí ti òsì padà ní ọdún 1844. Ẹ̀yin ará, ṣé àwa kò ní irú èyí? Ọ̀tún Balógun kì í di Òsì Balógun nítorí pé ó yí ojú sí ìta. Ipò Balógun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ní Ìbàdàn, ènìyàn ń gun àkàbà láti Jàgun dé Òsì, dé Ọ̀tún, dé Balógun, bí ẹni tó wà lókè bá sì kú, gbogbo ìlà a sún sókè. Mo ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ náà. Ọmọ Dioula tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì ní òun fẹ́ jẹ Ọ̀tún, nítorí ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ sún mọ́ òkè.

Kì í ṣe ìgbà eré ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a ní wọ èdè wa. Mo sọ ìtàn ọmọ Òsogùn kan fún wọn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Wọ́n kó òun àti àwọn ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Esperança Felix. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, tí Kápítéènì Henry Leeke ń darí, gbà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé inú ọkọ̀ ogun, ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, wọ́n rò pé orí àwọn tí wọ́n pa ni. Kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àti àwọn tó gbà wọ́n jọ mọ̀. Ọmọ náà ni Àjàyí Crowther. Òun ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, òun sì ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ẹni tó bá ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́, yóò bá atukọ̀ àti ìdákọ̀ró níbẹ̀. Ẹni tí a ti dì sínú ọkọ̀ rí ló ṣáájú wọn.

Ní ọdún 1854, Crowther tún wọ ọkọ̀ gòkè odò Ọya. Pleiad ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, orúkọ ìràwọ̀ sì ni. Consul John Beecroft ni wọ́n ti yàn láti ṣe olórí ìrìnàjò, ṣùgbọ́n ó kú kí wọ́n tó gbéra. Oyè náà já lé dókítà ọkọ̀ lórí, William Baikie, ẹni tí kò wá síbẹ̀ fún oyè. Kí ni adelé yìí ṣe? Ó ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́. Kí ó tó dìgbà náà, bí òyìnbó bá wọ odò Ọya, àwọn tí ibà ń pa nínú wọn kì í kéré. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹyọ kan tó kú.

Bàbá gbọ́ èyí dé òpin. Ó bi mí bóyá dókítà náà di com-zone lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ní rárá, pé ó padà wá jókòó sí Lọ́kọ́ja, ó sì ń ṣe dókítà, ó ń kọ́ èdè. Bàbá mi orí, kò sọ nǹkan kan.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ eré. Ọkọ̀ méjì tí kò dáhùn ṣì ń bọ̀ lápá òsì. Kò sí commandant mọ́. Àwọn ọmọ Baoulé ń pe Adelé bí ẹni pé Faransé ni, wọ́n ń gbé ohùn lé ibi tí kò yẹ, èmi kò sì tún un ṣe. Apàlọ́ ní epo ọkọ̀ ti ń tán, ayé kan wà nítòsí tí wọ́n ti lè ra epo, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ń gba owó ìdènà. Ta ni yóò lọ bá wọn sọ̀rọ̀? Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Bàbá fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì díẹ̀. Ó ní: “Ta ni akápò yín?” Wọ́n wo ojú ara wọn. Wọn kò yan akápò.

“Ẹ gbé ọkọ̀ jáde láìní akápò?” Ó na ọwọ́ sí ọmọ ayò. “Ẹ gbé e wá. Èmi mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ ọ́.”

Ó gbọ̀n ọ́n nínú àtẹ́lẹwọ́ títí, ó sì dà á. Méjì àti ẹyọ kan ló já. Wọ́n gba gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, bàbá sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un dà.